Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olóòtú jọ́nà: fídíò nìkan ò tó, ẹ gba nọ́ńbà lọ́wọ́ wa

Ẹ̀yin olóòtú jọ́nà tó ń tẹ pépà lórí jẹ́ẹ̀lì prótíìnì àti kábọ́ọ̀nù tí ìmọ́lẹ̀ ń mú gbéra, àti ẹ̀yin tí wọ́n ń fi pépà náà ránṣẹ́ sí kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò ní kí yín títí torí mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ò pọ̀ rárá: pépà èyíkéyìí tó bá wá síwájú yín tó ní òun ṣe jẹ́ẹ̀lì, ìyẹn nǹkan rírọ̀ tí omi kún inú ẹ̀, tó ń tẹ̀, tó ń rákò, tó ń gbé nǹkan torí pé wọ́n tan lésà sí i, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde títí ẹni tó kọ ọ́ á fi sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó lò, bí jẹ́ẹ̀lì náà ṣe nípọn tó, bó ṣe pẹ́ tó kó tó tẹ̀ àti kó tó padà, àti agbára tó fi ń ti nǹkan. Kó sì fi fídíò tí wọn ò mú yára ránṣẹ́. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn. Ìyókù lẹ́tà yìí, ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín ló wà níbẹ̀.

Inú lábù ni èmi tí mò ń kọ̀wé yìí wà, jẹ́ẹ̀lì ni mò ń ṣe, mo sì máa ń ka pépà yín kí n lè mọ èyí tó yẹ kí n tún ṣe fúnra mi. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Pépà á dùn, àwòrán á dán, fídíò á máa jó, èèyàn á ní ó yá ẹ jẹ́ ká ṣe é, á ra kẹ́míkà, á ṣe jẹ́ẹ̀lì tiẹ̀, ìgbà tó bá tan lésà sí i tán kò ní mọ̀ bóyá tòun ṣiṣẹ́ dáadáa tàbí kò ṣiṣẹ́, torí kò sí nọ́ńbà kankan nínú pépà yẹn tó máa fi wé tiẹ̀. "Ó tẹ̀ kíákíá", "ó lágbára", "ó ń padà sí bó ṣe wà". Kíákíá báwo? Agbára mélòó? Ẹ̀ẹ̀melòó ló padà?

Lẹ́tà ṣíṣí ni, ó dájú pé àwọn tí kì í ṣe ará inú ilé náà á kà á, ẹ jẹ́ n yára ṣàlàyé ohun tí à ń sọ. Prótíìnì tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ẹlasítíìnì ni wọ́n wò ṣe é, ìyẹn prótíìnì tó wà nínú awọ ara, ẹ̀dọ̀fóró àti òpó ẹ̀jẹ̀ ńláńlá, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n nà kí wọ́n sì tún padà sípò. Nínú lábù, baktéríà ni wọ́n máa ń ní kó bá wọn ṣe èyí tó jọ ọ́. Amino acid, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ di prótíìnì, márùn-ún péré ló ń tẹ̀ léra léraléra nínú ẹ̀: valine, proline, glycine, ìkẹrin tí ẹ lè fúnra yín yàn tí kò bá ṣáà ti jẹ́ proline, lẹ́yìn náà glycine míì. Tí omi bá tutù, okùn prótíìnì yìí á tú sílẹ̀, á mu omi, tó bá wá gbóná kọjá ibì kan, á ká jọ, á lé omi jáde. Ìkẹrin tí ẹ yàn yẹn wà lára ohun tó ń pinnu ibi tó ti máa yí, pẹ̀lú gígùn okùn náà àti iyọ̀ tó wà nínú omi, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè ṣe èyí tó ń yí nítòsí ooru ara èèyàn tàbí èyí tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa. Ìwà kan náà yìí ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ mọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ lára baktéríà: ẹ mú un gbóná, á dì, ẹ yí i nínú ẹ̀rọ kó rọlẹ̀, ẹ da omi ìdọ̀tí nù, ẹ jẹ́ kó tutù, á tún yọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Meyer àti Chilkoti, ló gbé ọ̀nà yẹn jáde lọ́dún 1999, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni, torí ohun tí prótíìnì náà mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń mú un.

Àmọ́ prótíìnì yìí fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹ tan lésà 808 nánómítà (nọ́ńbà yìí ló ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́) tí ojú ò rí sí i, inú ẹ̀ ló máa gbà kọjá. Kábọ́ọ̀nù ló ń bá a gba ìmọ́lẹ̀, yálà gíráfíìnì, ìyẹn kábọ́ọ̀nù tó fẹ́lẹ́ bí ewé, tí wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ ọ́síjìn kúrò lára ẹ̀, tàbí nánótúùbù, ìyẹn kábọ́ọ̀nù tó rí bí ọ̀pá tín-ín-rín tí inú ẹ̀ ṣófo. Gíráfíìnì tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lọ ń gba nǹkan bíi 2.3 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bá kọjá lára ẹ̀, ó kéré létí, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé átọ́ọ̀mù kan péré là ń sọ. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó gba ìmọ́lẹ̀ yẹn ò ní í gbà á pamọ́, kó tó pé ìdá kan nínú bílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì ó ti sọ ọ́ di ooru, ooru yẹn á kan prótíìnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, prótíìnì á lé omi, jẹ́ẹ̀lì á súnkì. Tí apá kan bá súnkì ju apá kejì lọ, ó máa tẹ̀. Lọ́dún 2013 ni Seung-Wuk Lee àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley gbé irú ẹ̀ jáde nínú Nano Letters. Wọ́n ṣe jẹ́ẹ̀lì tí ihò pọ̀ lápá kan ẹ̀ ju apá kejì lọ, apá tó ní ihò ń lé omi kíákíá, apá kejì ń lọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú kó ká bí ìka ọwọ́ tí wọ́n sì tún mú kó rákò. Iṣẹ́ tó dáa ni, mi ò bá wọn jà. Àwa tí a wá tẹ̀ lé wọn ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Torí látìgbà náà, nǹkan tí ojú rí ló ti gba gbogbo àyè. Ọwọ́ kékeré tó ń mú bọ́ọ̀lù, òdòdó tó ń ṣí, kòkòrò tó ń rìn. Ẹ wo igun fídíò dáadáa, ẹ máa rí "×20" tàbí "×60" tó kéré bí èèrà, ìyẹn ni pé wọ́n mú fídíò náà yára ní ìlọ́po ogún tàbí ọgọ́ta, àwọn míì ò tiẹ̀ kọ ọ́ rárá, àfi kí ẹ máa wo bí omi ṣe ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó fura pé omi kì í gbọ̀n báyìí.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àkókò yìí torí ibẹ̀ ni ojú ti ń tan èèyàn jẹ jù. Nǹkan méjì ló ń rìn nínú jẹ́ẹ̀lì tí lésà bá bà lé e, ooru ń rìn, omi náà ń rìn, àwọn méjèèjì ò sì jọ yára rárá. Omi ló pọ̀ jù nínú jẹ́ẹ̀lì, torí náà ooru ń rìn nínú ẹ̀ bó ṣe ń rìn nínú omi, sẹ́kọ́ńdì bíi 7 ló máa fi la mìlímítà kan já. Omi tó gbọ́dọ̀ yọ́ jáde láàárín okùn prótíìnì ní tiẹ̀ ń lọ bí èrò tó ń gba ẹnu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo jáde, mìlímítà kan náà yẹn lè gbà á ní wákàtí mélòó kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Tanaka àti Fillmore, ti ṣe ìṣirò ẹ̀ láti ọdún 1979: tí ẹ bá dín nínípọn jẹ́ẹ̀lì kù sí ìdá mẹ́wàá, àkókò tó fi ń wú á dín kù sí ìdá ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká mú jẹ́ẹ̀lì tó nípọn tó mìlímítà kan tó ń gba wákàtí 3. Ẹ ṣe é ní ìdá mẹ́wàá mìlímítà, á bọ́ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 2. Ẹ ṣe é ní ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà, á kù sí nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì kan. Prótíìnì kan náà, kábọ́ọ̀nù kan náà, lésà kan náà o!

Ẹ wá rí i báyìí pé ẹni tó ní jẹ́ẹ̀lì òun yára láìsọ bó ṣe nípọn tó, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé prótíìnì ọlọ́gbọ́n kan ló ṣe lóòótọ́, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó kàn gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ihò ńláńlá náà máa ń ṣèrànwọ́ torí omi á rí ọ̀nà gbà láìjẹ́ pé ó ń rápálá láàárín okùn, torí náà ẹ ní kí wọ́n sọ bí ihò ṣe tóbi tó, kí wọ́n sì jẹ́ ká mọ̀ bóyá ìgbà tí omi ṣì wà nínú jẹ́ẹ̀lì ni wọ́n wọ̀n ọ́n, torí ọ̀pọ̀ àwòrán ihò tó ń dán nínú pépà, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fi yìnyín gbẹ ni wọ́n yà, yìnyín fúnra ẹ̀ sì máa ń dá ihò sí ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Ìpadàbọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ pépà ló máa ń fi títẹ̀ hàn wá, wọ́n á wá gé fídíò, ìgbà tó bá tún ṣí, jẹ́ẹ̀lì ti nà gbọọrọ. Lásìkò tí wọ́n gé kúrò yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Tí lésà bá mú jẹ́ẹ̀lì gbóná lójijì, ojú ẹ̀ lè kọ́kọ́ súnkì kó sì dí, kí omi inú tó rí àyè jáde, omi á wá há síbẹ̀. Tó bá sì di ìgbà tó yẹ kó tún mu omi padà, kò sí lésà tó máa tì í mọ́, àfi kó dúró de ooru kó lọ àti de omi kó wọlé. Ẹ̀rọ tó ń ṣí ní sẹ́kọ́ńdì kan tó ń pa dé ní ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú ni iye ẹ̀.

Ó tún kan agbára. Ìwọ̀n igun tí jẹ́ẹ̀lì tẹ̀ dé kì í ṣe agbára o, mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa méjèèjì pọ̀. Ohun tó bá fẹ́lẹ́ máa tẹ̀ gan-an láìsí agbára tó lè ti eṣinṣin. Kilopascal ni wọ́n fi ń wọn bí agbára ṣe pọ̀ tó lórí ibi tó bà lé. Iṣan ara wa tó bá fi gbogbo agbára fà lè dé nǹkan bíi kilopascal 350. Jẹ́ẹ̀lì tí líle ẹ̀ jẹ́ kilopascal 10, tó fẹ́ súnkì ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ bá dì í mú kó má lè súnkì, kilopascal bíi 3 ló máa fi fà, ìyẹn ni pé iṣan fi ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ lágbára jù ú. Síbẹ̀ ẹ máa rí "iṣan àtọwọ́dá" nínú àkọlé. Tí ẹ bá fẹ́ gba "iṣan" wọlé sínú àkọlé, ẹ bi wọ́n pé kilopascal mélòó, tí wọn ò bá wọ̀n ọ́n, ẹ yọ iṣan kúrò, kò burú láti pè é ní jẹ́ẹ̀lì. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n orí tábìlì tí gbogbo lábù fi ń wọn kẹ́míkà lè ṣe é: ẹ de jẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ lápá kan, ẹ jẹ́ kí orí ẹ̀ kejì máa ti àwo ìwọ̀n, ẹ tan lésà, ẹ ka nọ́ńbà. Gíráàmù kan jẹ́ nǹkan bíi millinewton 9.8 tó bá di ìwọ̀n agbára. Ìyókù ìṣirò ni.

Ní ti ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba "lésà 2 wáàtì" mọ́. Wáàtì 2 tí wọ́n kó jọ sí ibi tó tó orí abẹ́rẹ́ àti wáàtì 2 tí wọ́n tẹ́ sórí sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin níbùú lóròó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ibi tí jẹ́ẹ̀lì wà gan-an ni kí wọ́n ti wọn ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára àpótí lésà. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ irú ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n lò, torí láti 808 lọ sí 980 nánómítà, omi lásán á ti máa gba ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po tó ju mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá fi 980 ṣe é, ó lè máa yin gíráfíìnì nígbà tó jẹ́ pé omi ló ń gbóná. Oògùn ẹ̀ ò le: kí wọ́n ṣe jẹ́ẹ̀lì kan tí kò ní kábọ́ọ̀nù nínú, kí wọ́n tan lésà kan náà sí i. Kí wọ́n tún gbé èyí tó ní kábọ́ọ̀nù sínú omi gbígbóná láìtan iná, ká rí bóyá ibi kan náà ló máa tẹ̀ dé. Tí àwọn méjèèjì yìí ò bá sí nínú pépà, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ ṣe?

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwòrán kámẹ́rà ooru. Àwọ̀ pupa, àwọ̀ yẹ́lò, nọ́ńbà tó fín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ní bí jẹ́ẹ̀lì ṣe gbóná tó nìyí. Bẹ́ẹ̀ jẹ́ẹ̀lì wà nísàlẹ̀ omi! Kámẹ́rà yẹn ò lè rí inú omi, omi máa ń dí irú ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà náà fi ń ríran pátápátá, ojú omi lókè ló ń yà. Jẹ́ẹ̀lì lè ti fi dígírì tó pọ̀ gbóná jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ pépà wò, tí ẹ bá rí i, ẹ bi wọ́n pé níbo ni jẹ́ẹ̀lì wà nígbà tí wọ́n ya fọ́tò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu máa ń kọ̀ láti sọ, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé ṣe pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tó jáde. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí pátákó. Jẹ́ẹ̀lì tó tóbi tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga, tí ẹ bá fẹ́ mú un gbóná pẹ̀lú dígírì 10, ó tó joule 42 (joule ni wọ́n fi ń ka ooru àti iṣẹ́), ooru tó sá lọ sínú omi àyíká ò tíì wọ̀ ọ́. Ká wá sọ pé jẹ́ẹ̀lì náà ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ẹ̀ fi tó ti iṣan, iṣan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣe iṣẹ́ tó tó joule 0.008 tó bá súnkì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi 42 pín in. Ìdá méjì nínú ẹgbàárùn-ún ló jáde! Jẹ́ẹ̀lì rírọ̀ ò sì tíì ṣiṣẹ́ tó iṣan. Mi ò fi èyí bú ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ kékeré tó fẹ́ ṣí ọ̀nà fún omi níbi tí wáyà ò lè dé, kò sẹ́ni tó máa bi í pé iná mélòó lo jẹ. Ohun tí mò ń bá jà ni pépà tó ní jẹ́ẹ̀lì òun "kì í fi iná ṣòfò" tí kò sì ṣírò kankan.

Bákan náà ni ti àwọn tó ní wọ́n máa tan án láti ìta kó lè ṣiṣẹ́ nínú ara èèyàn. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ 808 nánómítà tí wọ́n ní awọ ara lè gbà láìséwu jẹ́ nǹkan bíi 0.33 wáàtì lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Pépà tó ń lo wáàtì 1 tàbí 2 pọ̀ rẹpẹtẹ, ìyẹn sì jẹ́ nínú àwo, kò sí awọ tàbí ẹran láàárín tó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká. Tí ẹ bá rí gbólóhùn nípa ara èèyàn níparí pépà, ẹ fi nọ́ńbà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Bí tiwọn bá pọ̀ jù, kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn tàbí kí wọ́n yọ gbólóhùn náà.

Àwọn míì wà tí kì í lo omi inú àwo, tí wọ́n ń fi prótíìnì gbígbẹ ṣe é, bíi fọ́nrán aṣọ sílíkì tí wọ́n da nánótúùbù pọ̀ mọ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá mú un gbóná, omi inú ẹ̀ á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, á súnkì, tí ìmọ́lẹ̀ bá kúrò á tún mu omi láti inú afẹ́fẹ́ padà. Mo gbà pé irú èyí máa wúlò ju jẹ́ẹ̀lì lọ tó bá kan agbára, ó le, ó sì fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n omi inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ, kí wọ́n kọ iye omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lábù tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ gbẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣe é kó tó rẹ̀ ẹ́? Ẹ má gba àwòrán ìgbà àkọ́kọ́ àti ìgbà ìkẹyìn nìkan, gbogbo ẹ̀ ni kí wọ́n fi síbẹ̀. Ibi tí lésà ń bà gan-an lè gbóná ju ìyókù lọ, prótíìnì ibẹ̀ lè bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, jẹ́ẹ̀lì á ṣì máa tẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní tẹ̀ dé ibi tó ń dé mọ́. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tún wo omi inú àwo bóyá kábọ́ọ̀nù ti ń jáde sínú ẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì tó bá jẹ́ nánótúùbù, torí lọ́dún 2014 ni IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lágbàáyé, fi irú kan tí wọ́n ń pè ní MWCNT-7 sára ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ fún èèyàn, ọdún tó ṣáájú ẹ̀ sì ni NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí nánótúùbù má kọjá maikrogíráàmù 1 nínú afẹ́fẹ́ tó kún mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga, fún ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. Kábọ́ọ̀nù tó ti wọnú jẹ́ẹ̀lì ò fi bẹ́ẹ̀ lè fò, ẹni tó ń wọn ìyẹ̀fun ẹ̀ gbígbẹ ló yẹ ká bẹ̀rù fún, kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe dáàbò bo ẹni yẹn sínú pépà, ìlà kan péré ló máa gbà.

"Graphene oxide" tí ẹ ń rí nínú gbogbo pépà náà, ìyẹn gíráfíìnì tí ọ́síjìn ṣì wà lára ẹ̀, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ọ̀nà Hummers ti ọdún 1958 ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò láti ṣe é, tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe lára ẹ̀, manganese àti sulfur lè ṣẹ́ kù sínú ẹ̀ tí wọn ò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, ìwọ̀n ewé ẹ̀ lè yàtọ̀ láti batch kan sí òmíì, ọ́síjìn tó kù lára ẹ̀ náà ló ń pinnu bó ṣe máa gba ìmọ́lẹ̀ tó. Kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ṣe é tàbí ibi tí wọ́n ti rà á, àti iye tó wà nínú jẹ́ẹ̀lì. Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní nǹkan tuntun ni èyí, ẹ jẹ́ kó dàgbà ná, tí a bá gbé nọ́ńbà lé e lórí jù, àwọn ọ̀dọ́ ò ní gbìyànjú mọ́. Mo gbọ́. Àmọ́ ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ti Berkeley ti jáde, kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́. Àwọn míì á ní lábù kékeré ò ní rówó ṣe é. Ẹ wo ohun tí mo béèrè: rúlà, aago, ìwọ̀n orí tábìlì, ẹ̀rọ tó ń wọn lésà tí ẹni tó ní lésà yẹ kó ti ní kó má bàa fọ́ ojú ẹnikẹ́ni. Lábù ńlá tó ní kámẹ́rà olówó gọbọi ló ń rí àǹfààní nínú bí nǹkan ṣe wà yìí, torí fídíò tiwọn ló máa ń dán jù. Tó bá di ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, tẹni tó ní rúlà náà á tó nǹkan.

Kì í sì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹ máa lé jẹ́ẹ̀lì tó lọ́ra dànù. Jẹ́ẹ̀lì tó gba ogún ìṣẹ́jú lè dáa fún ohun tó fẹ́ máa tú oògùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí tí kò lágbára lè dáa fún kíkó sẹ́ẹ̀lì láìfọ́ ọ. Ẹni tó ṣe é ló yẹ kó sọ fún wa pé ó lọ́ra, pé ó rọ̀, ká lè mọ ibi tó bá mu. Báyìí tí gbogbo wọn "yára" tí gbogbo wọn sì "lágbára", kò sẹ́ni tó mọ èyí tó yẹ kóun mú.

Torí náà, ẹ ṣe tábìlì kan tó bọ́ sí ojú ewé kan, tí gbogbo ẹni tó bá ń fi irú pépà yìí ránṣẹ́ máa kún: nínípọn, ihò, irú ìmọ́lẹ̀ àti ìwọ̀n ẹ̀ níbi tí jẹ́ẹ̀lì wà, ooru inú omi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àkókò àlọ, àkókò àbọ̀, kilopascal, iye ìgbà tó ṣe é, àti ohun tí jẹ́ẹ̀lì tí kò ní kábọ́ọ̀nù ṣe. Èyí tí wọn ò bá wọ̀n, kí wọ́n kọ "a ò wọ̀n ọ́n", kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí fídíò àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí wọn ò mú yára, kódà tó bá gba ogún ìṣẹ́jú, èyí tó yára lè tẹ̀ lé e. Ẹ sì kó gbogbo tábìlì náà síbì kan tí kọ̀ǹpútà á ti lè kà wọ́n pọ̀. Tí ẹ bá nílò ẹni tó máa bá yín kọ ìlà inú tábìlì náà tàbí tó máa fi jẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ dán an wò bóyá ó ṣeé kún, ẹ kọ ọ́ síta nínú jọ́nà yín, èmi àtàwọn mélòó kan tí mo mọ̀ á dáhùn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín kan tó ń ṣe jẹ́ẹ̀lì